Ẹyọ Ọ̀rọ̀ Kan: Unsung, àti Àwọn Èèyàn Ilẹ̀ Ọ̀kun Tí A Ò Kì

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí sọ nìyí, ní Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogi, ní ilẹ̀ Ọ̀kun tí Yàgbà, Ìjùmú, Ọ̀wọ̀rọ̀ àti Bùnú wà lára rẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, àyàfi àwọn àwàdà tó jẹ́ pé ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan ló lè yé.

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo júbà kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sẹ́yìn pátápátá níbi tí fáànù ò dé, ẹ̀yin gan-an ni mo tìtorí yín wá. Ẹ máa bọ̀ níwájú.

Wọ́n ní kí n wá kọ́ yín bí ẹ ó ṣe mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún èyí tí ẹ mọ̀ kí ìdánwò WAEC àti JAMB tó dé. Mo rí i pé àwọn kan ti mú ìwé jáde, wọ́n ti fa ìlà sí àárín ojú ewé: ọ̀rọ̀ lápá òsì, ìtumọ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ pa ìwé yẹn dé. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Unsung ni. Tí ẹ bá fi máa dìde níbí, mo fẹ́ kí ó ti di tiyín, kí ẹ lè mú un lò láàárín ọjà láìwo ẹnu ẹnikẹ́ni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹyọ kan? Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus. Ní 1885 ló gbé ìwé jáde lórí bí ọmọ èèyàn ṣe ń rántí nǹkan àti bó ṣe ń gbàgbé. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò. Ó to àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ kankan jọ, ó há wọn sórí, ó wá ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń jò lọ. Kí nǹkan bíi wákàtí kan tó kọjá, ó ju ìdajì iṣẹ́ tó ṣe lọ tó ti ṣòfò. Ẹ̀yin tí ẹ ń há ojú ewé mẹ́rin mẹ́rin sórí lóru ọ̀la ìdánwò, ohun tí bàbá yẹn ṣe náà lẹ ń ṣe, àmọ́ òun ní tirẹ̀ ń ṣèwádìí ìgbàgbé ni. Ọ̀rọ̀ tí kò bá rí ibi jókòó sí nínú ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, sílébù lásán ni. Ẹ jẹ́ ká wá àga fún èyí.

Sing, sang, sung. Ẹ ti mọ ìyẹn láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Un tó wà níwájú rẹ̀ náà kò ṣàjèjì, òun ló wà níwájú unhappy àti unknown. Ẹ má kọ unsong o, mo ti rí i nínú ìwé àwọn ọmọ. Orin fúnra rẹ̀ ni song. Tí a bá tú unsung palẹ̀, ohun tí wọn kò fi kọrin ni. Ìbéèrè wá ni pé, mélòó nínú wa ni wọ́n ti fi kọrin? Èmi tí mo dúró yìí, kò sẹ́ni tó tíì gbé orin kan lórí orúkọ mi, n kò sì bínú, nítorí n kò tíì ṣe ohun tó tó orin. Wọn kò lè pè mí ní unsung. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn bá mu ti ṣe ohun tó yẹ kí ẹnu máa ròyìn rẹ̀, ẹnu ló dákẹ́. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, gbèsè náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́ kọ́ ló jẹ gbèsè. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ: bí ẹ bá gbọ́ unsung, ẹ máa wo ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ kí wọ́n kọrin.

Àwọn àgbà wa mọ ọ̀rọ̀ yìí kí òyìnbó tó dé. Wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, òwe yẹn di ẹ̀bi ru ìyẹ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí le jù ú lọ, ojú àwa tí à ń wo adìẹ ló ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì bẹ̀rẹ̀ báyìí. John Milton, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tó fọ́jú, lò ó ní 1667 fún apá ibi tí òun kò tíì dé nínú ìtàn tó ń fi ewì sọ: ó ní ìdajì ṣì kù tí òun kò tíì kọ lórin. Kò sí ìbáwí nínú ìyẹn, kò sí ìyìn. Ó di 1805 kí Walter Scott, akéwì ará Scotland, tó fi í gégùn-ún. Ó ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ti ìdálẹ̀ dé, tó tẹ ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tí àyà rẹ̀ kò sì sọ kì pé ilé lòun dé yìí. Ó ní olówó ni o, ó ní oyè ni o, ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀, lọ́jọ́ tó bá kú, yóò lọ unwept, unhonoured, unsung: wọn kò ní sunkún rẹ̀, wọn kò ní bọlá fún un, wọn kò sì ní kọrin rẹ̀. (Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi kí àwọn èèyàn wa tó wà ní Àbújá àti Èkó, tó jẹ́ pé òkú nìkan ló ń gbé wọn wálé. Scott ń kí yín.) Lẹ́nu Scott, ìyà tó tọ́ sí ènìyànkénìyàn ni kí ó jẹ́ unsung. Lóde òní, ẹni rere là ń fi í pè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí orí padà, àmọ́ ohun kan kò yí: láti ìgbà náà títí dòní, a gbà pé àwùjọ ló ń kọrin, àwùjọ náà ló sì ń fawọ́ orin sẹ́yìn.

Kí n tó lọ jìnnà, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ó máa ṣì mú dípò rẹ̀. Unknown ni ẹni tí a kò mọ̀ rárá. Ìyá tó ń gbẹ̀bí ní àdúgbò yín, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n, ọmọdé ló ń júwe ilé rẹ̀, síbẹ̀ ó lè jẹ́ unsung. Underrated ni ẹni tí wọ́n ń yìn tí ìyìn náà kò tó. Ọ̀dọ̀ àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ ti máa gbọ́ ọ jù, nígbà tí wọ́n bá ń jà lórí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá. Unsung sì ní àwọn tí ó máa ń bá rìn: unsung hero, unsung heroine. Tí ẹ bá fẹ́ fi sí ìparí gbólóhùn, ẹ lè sọ pé, her work went unsung. Went yẹn, ẹ má gbàgbé rẹ̀ o, òun ló ń fi yín hàn pé ẹ mọ èdè.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá èèyàn tí ọ̀rọ̀ yìí mu. N kò sì ní kó yín lọ sí Amẹ́ríkà. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí wà ní Freetown, ní Sàró. Ogun ló kó wọn, wọ́n tà wọ́n títí dé etí òkun, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀, ọkọ̀ ogun ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá gbà wọ́n lójú agbami, ó sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ síbẹ̀. Míṣọ́nnárì ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Sigismund Koelle wà ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay níbẹ̀, lábẹ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń pe irú àwọn èèyàn báyìí jókòó. Kí lẹ ń pe orí nílùú yín? Kí lẹ ń pe omi? Iná ńkọ́? Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe, títí ó fi gba ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn kéékèèké tó sún mọ́ 300 lẹ́nu ẹni kọ̀ọ̀kan, nínú èdè tó ju 150 lọ. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1854, ó pè é ní Polyglotta Africana.

Àwọn èdè Yorùbá wà nínú rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Aku, ìyẹn orúkọ tí ará Sàró ń pe Yorùbá nítorí ẹ kú yìí, ẹ kú tọ̀hún tí a máa ń kí. Ẹ gbọ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbá wà, Ìjẹ̀bú wà, Ìjẹ̀ṣà, Ifẹ̀, Oǹdó. Ẹ ó ní ìyẹn kò yà yín lẹ́nu. Yàgbà wà níbẹ̀. Ìjùmú wà níbẹ̀. Dsumu ni Koelle kọ ọ́, ahọ́n Jámánì ló fà á. Ọ̀wọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ní 1854! Bíbélì Yorùbá lódindi ṣì ku ọgbọ̀n ọdún kó tó jáde, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn baba ńlá wa ti wà ní títẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn onímọ̀ èdè sì ń lò ó títí di òní láti fi mọ bí àwọn ẹ̀ka èdè wa ṣe rí nígbà yẹn.

Ta ló ṣe iṣẹ́ náà? Koelle ṣe tirẹ̀, n kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Etí bàbá yẹn mú, sùúrù rẹ̀ sì pọ̀. Ní 1856 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Volney, tí wọ́n ń fún onímọ̀ èdè, ní ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀. Ó ti la ogun kọjá, wọ́n ti tà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bóyá, ó ti dé ìlú tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bíi ti ìyá rẹ̀, ẹnì kan wá ní kí ó sọ bí wọ́n ṣe ń pe èékánná, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀dọ̀. Ó sì rántí! Kò sí ìwé tó fẹ́ wò, orí rẹ̀ nìkan ni ìwé tó ní. Tí ó bá ṣe pé ó ti gbàgbé, tàbí tó ní òun kò fẹ́ rántí, kò ní sí ojú ìlà Ìjùmú nínú ìwé náà.

Koelle kò fi orúkọ wọn pa mọ́ o. Ó kọ orúkọ àwọn tó bi léèrè àti bí wọ́n ṣe di ẹrú sí iwájú ìwé náà. Ẹ ti wá rí ìdí tí mo fi ya unknown sọ́tọ̀? Orúkọ wọn wà lójú ewé láti 1854 wá, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ kà á. Àwa la kò kà á. Àwọn bàbá yìí kọ́kọ́ kọ́ òyìnbó ní èdè wa kí òyìnbó tó wá kọ́ wa ní tirẹ̀, kò sì sí òpópónà kan tí mo mọ̀ ní Kabba, Ìyàrà tàbí Ìsánlú tó ń jẹ́ orúkọ ọ̀kankan nínú wọn. Kí n má tún sọ ti àwọn òbí tó ń bá ọmọ sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan nílé, tí ọmọ Ìjùmú kò mọ Ìjùmú í kí màmá àgbà. Ẹ̀rín yín pọ̀ jù, ó dà bíi pé mo ti kan ilé ẹnì kan.

Ẹlòmíràn ni James Thomas. Orúkọ òyìnbó nìyẹn, ọmọ Yàgbà ni. Òun náà dẹrú, ó dé Sàró, ó di òmìnira, ó kọ́ ìwé. Nígbà tí CMS ń wá ẹni tí yóò lọ jókòó síbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, ó wà lára àwọn tó gbà láti padà sápá ibí. Gbẹ̀bẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́, ó wá di Lọ́kọ́ja. Ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀: ogun, ọjà, ìwàásù, àwọn tó gbọ́ àti àwọn tí kò gbọ́. Àwọn ìwé rẹ̀ wà lára ẹrù CMS tó wà nípamọ́ ní Yunifásítì Birmingham, òpìtàn Fẹ́mi Kọ́lápọ̀ sì ti ṣètò wọn, ó tẹ̀ wọ́n jáde. Gbogbo yín lẹ mọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ìwé ìtàn yóò sọ fún yín pé Crowther ló dá ìjọ Gbẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni, ó dá a sílẹ̀, ó sì bá ọkọ̀ lọ, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ lójú odò. Ta ló dúró? Ta ló ń bá wọn gbé nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹ bá mi kọ gbólóhùn yìí sílẹ̀: Crowther founded the mission, but unsung men like James Thomas kept it going. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbà yín láyè láti ṣí ìwé nìyẹn.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Ní ilẹ̀ Bùnú, tí àwọn kan ń pè ní Àbìnú, àwọn obìnrin ló ń hun aṣọ lórí òfì tí wọ́n ń gbé dúró. Ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pupa, wọ́n ń pè é ní aṣọ ipo. Wọ́n a máa tú òwú pupa lára aṣọ òkè òkun, wọ́n a tún un hun sí tiwọn. Òun ni wọ́n ń fi sin ìjòyè tó bá relé, eégún sì ń gbé e. Aṣọ wọ̀nyí ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. Irú ohun báyìí, tí ẹ bá ka ìwé pélébé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí orúkọ ẹ̀yà, ẹ ó rí irú òwú, ẹ ó sì sábà rí orúkọ ẹni tó fi í tọrẹ. Ẹni tó fi í tọrẹ o! Ẹni tó hun ún kò sábà sí níbẹ̀. Bóyá ẹni tó gbé e lọ kò béèrè. Níbí, unsung àti unknown ti jọ di ọ̀kan, ìyẹn ló sì burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, nítorí kò sí ojú ewé kankan tí a fẹ́ lọ ṣí.

Ti Ògìdì yàtọ̀. Nike Okundaye, tí wọ́n bí ní 1951, tó dàgbà sí Ògìdì, ayé ló mọ̀ ọ́n. Àdìrẹ rẹ̀ ti rìn jìnnà, ilé àwòrán rẹ̀ wà ní Èkó, ó wà ní Àbújá, ó wà ní Òṣogbo, kò sì gbàgbé Ògìdì. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní unsung kò mọ èdè. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ìyá yìí bá ń sọ ìtàn ara rẹ̀, ó máa ń sọ pé ọwọ́ ìyá tó bí ìyá àgbà òun, tó tọ́ òun dàgbà, lòun ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Ìyá arúgbó tó ń hun aṣọ ní abúlé, tí kò dé òkè òkun rí, àwọn tó wá ra àwòrán ti gbọ́ nípa rẹ̀ nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò dákẹ́. Tí ẹ bá ń bi mí bí èèyàn ṣe ń kúrò nínú unsung, bó ṣe ń kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn àgbẹ̀ kọfí Ìyámoyè àti agbègbè rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wọn wà níjókòó, ẹ mọ ìtàn yẹn jù mí lọ, bẹ́ẹ̀ inú agolo tó ti òkè òkun wá ni ẹ ti ń bu kọfí mu láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀. Wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ yìí nílòkulò. Ẹ ó rí pátákó ńlá ní oríta, àwòrán olóṣèlú kan ló gba gbogbo ojú rẹ̀, fìlà rẹ̀ fẹ́ kan wáyà iná, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé unsung hero. Olórin ń kọrin rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń náwó lé olórin lórí, àwo orin náà sì wà lójà! Àwọn tó ń kọrin yẹn ń ṣe kí ni, bí kò bá jẹ́ orin? Ìlòkulò kejì tún dùn mí ju ìyẹn lọ. Wọ́n á pe olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì jáde níbi àpèjọ, wọ́n á fún un ní páálí tí wọ́n fi dígí bò, wọ́n á ní unsung hero ni, wọ́n á ya fọ́tò. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ẹ bá jẹ ní owó, owó ni kí ẹ san. Ẹ lè kọrin lẹ́yìn tí ó bá kà á tán.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé. Kí kálukú wá ẹnì kan ní ìlú rẹ̀ tó ṣe nǹkan tó ṣe ìlú láǹfààní, tí wọn kì í dárúkọ. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ kó pé, ẹ má kọ Màmá Báyìí lásán. Kí ló ṣe? Ìgbà wo? Ta ló rí i? Tí ó bá wà láàyè, ẹ lọ bá a nílé, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá fi unsung sínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta nípa rẹ̀, láìwo ìwé. Ẹ tún un kọ lọ́jọ́ kejì, ẹ tún un kọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí Ebbinghaus náà rí i pé àtúnkọ́ tó jìnnà síra ń dúró lọ́pọlọ ju èyí tí a rọ́ pọ̀ lójú kan. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ní ojú èèyàn nínú, ẹ ò ní wá a tì nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ìbéèrè pọ̀ lẹ́yìn náà, mélòó kan ni mo máa kọ. Ọmọbìnrin kan béèrè ohun tí yóò mú tí wọ́n bá ní kí ó mú òdìkejì unsung. Mo ní celebrated ni, tàbí acclaimed. Kí ó má mú sung nìkan, wọn kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà kan ní bí a bá wá ń kọrin gbogbo èèyàn, ṣé orin ò ní di yẹ̀yẹ́? Mo ní wọ́n rò ó dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àwọn ọmọ béèrè ẹni tó rí iṣẹ́ náà. Ìyá kan wá dìde, ó ní òun kò lọ sí ilé ìwé jìnnà, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin tó ń jí dá iná kí àkùkọ tó kọ, tó ń sin ọmọ lọ ilé ìwé, tó ń dé oko àti ọjà, wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo ní ó wà níbẹ̀ gan-an. Ọkọ rẹ̀ tó jókòó tì í béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹni tó ń san owó ilé ìwé náà wà níbẹ̀. Gbogbo ilé dá sí i, àwọn obìnrin lápá kan, àwọn ọkùnrin lápá kan, alága sì gba maikí lọ́wọ́ mi.